Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ìmúra wa wà lára iṣẹ́ o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń fi ọwọ́ wa jẹun. Iṣẹ́ iná ilé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, wáyà o, ínfátà o, sólà o, ó ti lé lọ́dún 14 báyìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé tọ́wọ́ èèyàn bá ṣáà ti mọṣẹ́, iṣẹ́ á máa wá a wálé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Màmá kan pè mí sí Bódìjà nígbà yẹn, wọ́n ń kọ́ ilé fúláàtì mẹ́rin lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wá wo iṣẹ́ wáyà ẹ̀ kí n sọ iye tó máa jẹ́. Ibi iṣẹ́ míì ni mo gbà débẹ̀, símẹ́ǹtì wà nírun mi, ṣẹ́ẹ̀tì mi ti ya lábíyá, púláyà àti tẹ́sítà wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ mi, aago méjìlá la jọ sọ, aago méjì kọjá kí n tó dé. Màmá wò mí látòkè délẹ̀, ojú wọn wá dúró sára láílọ́ọ̀nù yẹn, wọ́n ní "Ọ̀gá ẹ ń kọ́?" Mo ní èmi náà ni ọ̀gá mà. Wọn ò bú mi o, wọ́n kàn ní àwọn á bá bàbá sọ̀rọ̀ ná. Wọn ò pè mí mọ́ títí dòní.

Mo rò ó fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n ní bá a ṣe rìn la ṣe ń koni, pé ṣé mo rí bí mo ṣe rìn lọ? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ṣebí inú yàrá ni wọ́n ń mú àwa wọ̀, níbi tí bẹ́ẹ̀dì àti góòlù wọn wà, báwo lèèyàn ṣe máa mú ẹni tó ń fu ú lára débẹ̀?

Mo ra aṣọ ní Gbági, télọ̀ fi rán ofaróòlù méjì fún mi, ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, mo ra báàgì gidi fáwọn irinṣẹ́ mi. Mo wá ní ìgbálẹ̀ àti pákà tèmi. Ẹ ẹ̀ mọ bí ìgbálẹ̀ yẹn ṣe ń bá mi wá iṣẹ́! Tá a bá lu ògiri, eruku funfun yẹn máa ń bà sórí àga, sórí bẹ́ẹ̀dì, sínú bàtà ọmọdé, ọ̀pọ̀ wa á gba owó á sì fi sílẹ̀ fún ìyàwó ilé. Èmi máa ń na aṣọ bo àga kí n tó bẹ̀rẹ̀, tí mo bá parí mo máa gbálẹ̀, mo máa fi àkísà nu ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ mi dọ̀tí sí. Ìyá kan l'Ákòbọ́ sọ fún mi lójúkojú pé torí pé mo gbálẹ̀ làwọn ṣe fún àbúrò àwọn ní nọ́ńbà mi.

DP WhatsApp náà ńkọ́? Kọ́sítọ́mà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba nọ́ńbà ẹ, ìgò ọtí àti èéfín ló máa kọ́kọ́ rí? Gbé àwòrán iṣẹ́ tó o ṣe síbẹ̀ jàre.

Àwọn kan á ní ṣé kí oníṣẹ́ ọwọ́ wá máa wọ kóòtù ni. Rárá o. Ẹ wo màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n kàwé ní England, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá àwọn obìnrin ọjà l'Ábẹ́òkúta ja ìjà owó orí, aṣọ òyìnbó ni wọ́n bọ́ sílẹ̀, ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kí ìyá aláta má bàa rò pé òun kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ni kó o wò kó o tó múra. Yàtọ̀ sí ofaróòlù àti báàgì yẹn, tèmi ò ju omi, ọṣẹ àti aago lọ, kò sì dìgbà tówó bá dé.

Àmọ́ kéèyàn má fi ofaróòlù bo àìmọṣẹ́ mọ́lẹ̀ o. Wáyà 1.5 mm² (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) ti gílóòbù ni, 2.5 ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó o bá fi 1.5 gbé A.C. torí o fẹ́ jẹ èrè, ilé onílé lo fẹ́ jó yẹn.

Ọmọṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé ilé bàbá kan, kí n tó la ẹnu, èyí àbúrò ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ti na aṣọ lé àga, mo gbọ́ tó ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo la lè máa da ìdọ̀tí sí?" Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó jókòó kó mu omi ná.