Àjọ tó ń gbẹnu sọ fún ọmọdé gbọ́dọ̀ lè bá ìjọba wí

Ọmọdé kì í dìbò. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìlú, òṣìṣẹ́ lè da iṣẹ́ sílẹ̀, oníṣòwò lè rán aṣojú lọ bá mínísítà, àwọn àgbàlagbà lè fi ìbò yọ ẹni tí kò ṣe tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àjọ kan tí òfin gbé kalẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa jà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé àti ti ìdílé wọn. Ṣùgbọ́n bí àjọ náà ò bá lè kojú ìjọba kó sì bá a wí ní gbangba, orúkọ lásán ló ń jẹ́.

Nọ́wè ló kọ́kọ́ dá irú ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ láyé, lọ́dún 1981. Swídìn ṣe tiẹ̀ ní 1993. Láàárín méjèèjì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ní ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá 1989. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ náà, Amẹ́ríkà nìkan ni kò tíì gbà kí ìwé yìí de òun. Ìyókù ti gbà. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó máa bi í pé, èyí tẹ́ ẹ ṣèlérí ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast tó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìbátan tó ń tọ́ ọ àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló fìyà pa á. Ọmọ yìí ò sá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà rí i, ọlọ́pàá gbọ́ nípa rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Lord Laming darí ka ìgbà 12, ó kéré tán, tí àwọn tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ láǹfààní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò ṣe é. Ìgbà 12! Mi ò lè ka ibẹ̀ kí inú má bí mi. Lẹ́yìn ìwádìí yẹn ni òfin ọdún 2004 dá ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà Ọmọdé sílẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ohun tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ nígbà náà ni kó máa jẹ́ kí ayé mọ èrò àwọn ọmọdé. Ó di 2014 kí òfin mìíràn tó sọ ọ́ pàtó pé kó máa dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn.

Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́wàá kan nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí kò lóbìí. Ẹni tó ń lù ú lóru náà ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ni fóònù. Òun náà ló ń kọ ọ́ sínú ìwé láràárọ̀ pé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Ta lọmọ yìí fẹ́ sọ fún? Àjọ tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń retí lẹ́tà ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láéláé. Àfi kí òfin fún wọn láṣẹ láti dé láìròtẹ́lẹ̀, kí wọ́n bá ọmọ náà jókòó nínú yàrá tí òṣìṣẹ́ ilé náà kankan ò sí, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan, kí wọ́n sì ní sùúrù fún un títí ẹnu rẹ̀ yóò fi là. Abala 12 Ìwé Àdéhùn yẹn sọ pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó bá kàn án, kí wọ́n sì kà á sí. Àwọn kan ní àfojúdi ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó lè sọ pé ẹnì kan ń ṣe òun níkà kì í ṣe aláfojúdi.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí míì máa ń fura pé ńṣe ni irú àjọ yìí fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀rù wọn nídìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ pé Nọ́wè, orílẹ̀-èdè tó ṣíwájú gbogbo ayé nínú ọ̀rọ̀ yìí, tẹ ẹ̀tọ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ lójú bí wọ́n ṣe gba ọmọ náà, tí wọ́n sì fà á fún ẹlòmíràn láti fi ṣọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ọmọdé àti ìdílé, ìkan náà ni ìjà wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí kò rẹ́ni bá a wo ọmọ nígbà tó bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kì í ṣe ọ̀dájú. Ìrànlọ́wọ́ ni kò ní. Abala 18 ìwé kan náà sì ní kí ìjọba ran òbí lọ́wọ́ láti tọ́mọ. Kí òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọmọ wà nínú ewu, ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa béèrè pé: kí lẹ ti ṣe fún ìyá yìí?

Ẹni tó fẹ́ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun lọ́la. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Bó bá jẹ́ mínísítà ló ń yan olórí àjọ, tó ń fún un lówó, tó sì lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú, ìjókòó àti fọ́tò lẹ máa rí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni kó yàn án fún iye ọdún pàtó, kí owó àjọ wá tààrà látọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n ka ìròyìn rẹ̀ níwájú gbogbo ilé lọ́dọọdún. Kí òfin sì sọ iye ọjọ́ tí mínísítà ní láti fi dáhùn ní àkọsílẹ̀, àtohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá dákẹ́.