R6 àbí Ninja 400: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa díje lórí tíráàkì mú?

Ọmọ Ṣéènì: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gun máṣíìnì lójú títì, mo ti lọ sí tíráàkì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú máṣíìnì tí mo yá, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀ látìgbà yẹn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í díje lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ta Yamaha R6 ẹ̀ fún mi, ó ti yọ díńgí àti tíráfíkétọ̀ kúrò lára ẹ̀. Owó tó pè é ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Kawasaki Ninja 400 kan tí mo rí. Èwo ni kí n mú?

Iná Gbogbo: R6 jàre, kí lo tún ń rò. Tó o bá ra 400, kó tó pẹ́ á ti sú ẹ, wàá tún tà á, wàá wá padà ra 600cc bíi R6 yìí, o ti náwó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ra èyí tó o máa bá dàgbà. Ṣáà máa rọra yí ọwọ́, máṣíìnì ò lè sáré ju bí ọwọ́ ẹ bá ṣe ní kó sá lọ.

Sísí Kọ́nà: Ẹ̀gbọ́n Iná, mi ò bá yín gba èyí o. "Rọra yí ọwọ́" rọrùn láti sọ tí èèyàn bá wà lórí ìjókòó. R6 ń gbé nǹkan bí agbára ẹṣin 117, ìwọ̀n ẹ̀ tó kílò 190. Ninja 400, agbára ẹṣin 45, kílò 168. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: níbi tí ọ̀nà ti gùn á fún un níná, á fò lọ, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n gùn, tó bá wá dé kọ́nà ẹ̀rù á bà á, á fún bíréèkì títí á fẹ́ẹ̀ dúró, á rọra yí i bí ẹni gbé ẹyin, tó bá ti jáde á tún fún un níná. Iná yẹn ló ń bá a bo àṣìṣe ẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí 400, eré tó o bá sọ nù ní kọ́nà ò sí agbára tó máa bá ẹ wá a padà, ojú ẹsẹ̀ lo máa mọ ibi tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ẹ má sì pè é ní nǹkan ìṣeré, Ninja 400 ni Ana Carrasco, ọmọ Sípéènì, fi gba ife àgbáyé Supersport 300, ìdíje àwọn máṣíìnì kékeré, ní 2018, máàkì kan ṣoṣo ló fi jù ẹni tó ṣìkejì.

Iná Gbogbo: Carrasco ti díje ní Moto3, ìdíje àgbáyé míì, kó tó débẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àpẹẹrẹ yẹn ò wọlé. Ẹ tún ro ti ìwọ̀n ara. Èmi ga, mo tó kílò 100, tí mo bá jókòó sórí máṣíìnì kékeré orókún mi á fẹ́ẹ̀ kan ìgúnpá, ibi tó bá ti ga díẹ̀ gbogbo èèyàn á ti kọjá mi. Ṣé èmi náà kí n máa fi 400 kọ́ṣẹ́?

Mẹkáníìkì Àgbà: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara yẹn, àmọ́ 600 oní-sílíńdà mẹ́rin nìkan kọ́ ló wà láyé. Suzuki SV650 wà, oní-sílíńdà méjì, 645cc, agbára ẹṣin bíi 75, agbára ẹ̀ ń jáde látìsàlẹ̀, kò dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké. Ọmọ Ṣéènì, kílò mélòó ni ìwọ? Ọdún wo ni R6 yẹn jáde?

Ọmọ Ṣéènì: Kílò 68 ni mí, sà. 2009 ni R6.

Mẹkáníìkì Àgbà: Ehn, 2009 ò ní traction control, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀, ọdún 2017 ni wọ́n tó fi sí R6. Ọwọ́ ẹ nìkan ló máa dúró láàárín ìwọ àti ilẹ̀.

Táyà Gbígbóná: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó ṣì ń dùn mí. Máṣíìnì 1000cc ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí tíráàkì, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Mo ń jáde ní kọ́nà kan, mo fún un níná jù, táyà ẹ̀yìn yọ̀, àyà mi já mo pa iná pátá lẹ́ẹ̀kan náà, ni táyà bá tún gbálẹ̀ mú lójijì ló bá jù mí sókè bí òkúta kànnàkànnà. Highside ni wọ́n ń pè é. Eegun èjìká mi kán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eegun yẹn ló burú jù o, ìgbà tí mo padà, gbogbo kọ́nà ni mo ń bẹ̀rù, ó gbà mí lákòókò gan-an kí n tó lè fọkàn balẹ̀. Máṣíìnì kékeré tí mo yá ló tún mi ṣe. Táyà náà ń kọ́? Táyà ẹ̀yìn R6 fẹ̀ tó mílímítà 180, ti Ninja 150 ni, èyí tó ní agbára jù yẹn ló ń jẹ táyà kíákíá. Owó táyà yẹn ni kó o fi sanwó fún olùkọ́.

Iná Gbogbo: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ 1000 nìyẹn, 600 kọ́.

Sísí Kọ́nà: Ẹ kú ewu. Ẹ̀gbọ́n Iná, traction control gan-an, táyà ẹ̀yìn ló ń bá èèyàn ṣọ́, kò lè gba ẹni tó wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó ju agbára ẹ̀ lọ. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tó o nílò láti fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. R6 máa gbé e dé ibẹ̀ kí ojú ẹ̀ tó là. Kó kọ́ bó ṣe máa rọra tú bíréèkì iwájú sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ wọ kọ́nà, kó kọ́ bó ṣe máa gbé ara ẹ̀ sínú kí máṣíìnì má bàa tẹ̀ jù, kó máa wo ibi tó ń lọ kó má wo ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á. 400 á fún un láyè kọ́ gbogbo ẹ̀.

Iná Gbogbo: Ó dáa. Fún kílò 68 àti R6 tí ò ní traction control, mo fi í sílẹ̀ fún un yín. Fún ẹni tó bá tó mi, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọmọ Ṣéènì: Mo dúpẹ́ gan-an. Ninja ni mo máa mú. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i, sà?

Mẹkáníìkì Àgbà: Má ì ra páìpù tó ń pariwo. Kọ́kọ́ da omi rédíétọ̀ tó ní glycol, kẹ́míkà inú kúláǹtì, nù, fi omi lásán sí i, torí tí glycol bá dà sílẹ̀ á máa yọ̀, kì í tètè gbẹ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ ló máa ṣubú. Fi wáyà de bóòtù tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì. Wọn géèjì táyà nígbà tó bá ṣì gbóná, bí ẹni tó ṣe táyà bá ṣe ní kó wà ni kó wà. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀kì: ti iwájú Ninja rọ̀ jù fún tíráàkì. Wọ gbogbo aṣọ awọ ẹ, jókòó sórí ẹ̀, kí ẹnì kan di máṣíìnì mú, kí ẹlòmíì wọn bó ṣe rì tó. Mílímítà 30 sí 35 ni mo máa ń wá. Tó o bá ti wọ̀n ọ́n, fi nọ́ńbà ẹ̀ síbí, tiwájú àti tẹ̀yìn, kí n lè sọ bóyá sípírínǹgì lo máa pààrọ̀.