Àtúnṣe lórí ìbẹ́pẹ tó ń tanná láìso

Ẹni tó kọ ọ́ pé ilẹ̀ Rẹ́mọ tó ti ṣá ni kì í jẹ́ kí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé so, àti pé ajílẹ̀ nìkan ni oògùn rẹ̀, ṣi ará ilé lọ́nà. Akọ ni ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀: òdòdó wọn kéékèèké, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn, nígbà tí òdòdó abo tóbi, tó sì lẹ̀ mọ́ ara igi. Nítorí pé ojú kò lè dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó tanná, ẹ gbin kóró 3 tàbí 4 sí ojú ihò kan, kí ẹ wá gé akọ tó bá pọ̀ jù nígbà tí wọ́n bá tanná. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá akọ kan sí nítòsí, kí abo lè so dáadáa.