Ìwàásù Tasha ti pọ̀ jù
Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n máa fi «Symbiosis», eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ti 1988 yẹn, ti àwọn tó ń fọkọ̀ rìnrìn àjò lójú ọ̀run, kọ́ ọmọ nípa oògùn olóró, ẹ jọ̀ọ́. Ìtàn náà dùn o: ará pílánẹ́ẹ̀tì Brekka ń ta felicium fún ará pílánẹ́ẹ̀tì Ornara bí oògùn àjàkálẹ̀ àrùn, àṣé àrùn ti lọ tipẹ́, bárakú ló kù. Ká dúró síbẹ̀! Ó tì o, Tasha, olórí ẹ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ náà, tún dojú kọ Wesley, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ọkọ̀, ó ń wàásù bíi pásítọ̀ inú mọ́lúè Ọ̀ṣòdì. Ní Mushin wa níbí, ta ni ìwàásù dá dúró? Ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oníkódíìnì ní 2018, àwọn ọmọ àdúgbò kàn yà sí kòlórádò, oògùn olóró mìíràn, ni. Picard, ọ̀gá ọkọ̀ Tasha, tí kò bá ará Ornara tún ọkọ̀ wọn ṣe kí felicium má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, ìyẹn ló yé mi.