Ẹ yéé sọ pé búrẹ́dì nìkan ni yíìsì wà fún

Ẹ̀gbọ́n wa kan tún gbé e dé láàárọ̀ yìí lórí WhatsApp ẹbí, wọ́n ní òfò lásán lowó táwọn òyìnbó ń ná sórí ìwádìí yíìsì, pé kí ló pa ohun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì pọ̀ mọ́ àìsàn ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àwọn tó kàwé gan-an ló tún ń sọ ọ́ jù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Nígbà tí mo wà ní láàbù, wọ́n kó yíìsì méjì fún mi, ọ̀kan pé, èkejì, wọ́n ti yọ jíìnì kan ṣoṣo (jíìnì ni ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tó máa ṣe) tó ń jẹ́ HOG1 kúrò lára ẹ̀. Mo kán méjèèjì sínú abọ́ tí kò níyọ̀, wọ́n hù bákan náà. Mo wá kán wọn sínú èyí tó níyọ̀ dáadáa, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èyí tó pé ti hù, ó funfun bí ìgbà tí ògì kán sílẹ̀, ojú ibi tí mo kán èkejì sí ò ní nǹkan kan. Jíìnì yẹn ló ń sọ fún yíìsì pé kó tọ́jú omi ara ẹ̀ nígbà tí iyọ̀ bá fẹ́ fà á gbẹ. Ènìyàn náà ní irú ẹ̀ lára o, p38 ni wọ́n ń pè é.

Bí 6,000 jíìnì ni yíìsì ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti yọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí 1,100 nínú ẹ̀, tó o bá yọ ọ́, yíìsì kú nìyẹn. Àwọn tí kì í pa á ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe dátábéèsì (àkójọ èsì ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà) bíi PROPHECY ti Gothenburg ní Sweden, ó kọ, fún jíìnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yọ, bó ṣe pẹ́ tó kí yíìsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, bó ṣe yára hù tó, àti bó ṣe pọ̀ tó nígbà tó dáwọ́ dúró.

Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kan ní Texas mú 414 jíìnì tí yíìsì ò lè wà láàyè láìsí wọn, wọ́n yọ ti yíìsì, wọ́n fi ti ènìyàn rọ́pò ẹ̀, ó sún mọ́ ìdajì tó ṣiṣẹ́, yíìsì ń hù lọ ní tiẹ̀! Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 1987, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Paul Nurse àti Melanie Lee, ti rí jíìnì ènìyàn tó gba yíìsì tí cdc2 ẹ̀ bàjẹ́ là, jíìnì tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì, ẹ sì mọ̀ pé pínpín sẹ́ẹ̀lì tó ti kọjá ààlà ló ń di jẹjẹrẹ.

Ó dáa, yíìsì ò lọ́pọlọ, kò sì ní kíndìnrín, kò lè sọ gbogbo ẹ̀ fún wa, mo gbà.

Fọ́tò abọ́ oníyọ̀ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.