Ṣé òfin ló burú ni, àbí ẹni tó ń lò ó?

Àdìsá: Ẹ yé dá òfin lẹ́bi. Òfin ò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun, àwọn tó ń lò ó ló ń ṣègbè.

Àbẹ̀kẹ́: Òfin wo, ẹ̀gbọ́n? Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ní Gúúsù Áfíríkà dárúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ gbangba, ó sì há wọn mọ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ilẹ̀ náà. Ní 1936 ni wọ́n tó fi kún un, tó di bí ìdá 13. Àwọn ló sì pọ̀ jù nílùú o!

Àdìsá: Ìyẹn burú, mo gbà. Ṣùgbọ́n òfin tí ò dárúkọ ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Ọmọ Olùkọ́: Irú ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, 1898: ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ mọ̀wé tàbí kó ní dúkìá. Àmọ́ bí bàbá ẹ tàbí bàbá bàbá ẹ bá ti ń dìbò ní ọjọ́ kìíní ọdún 1867 tàbí ṣáájú ẹ̀, o bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Kò sì sí dúdú tó ń dìbò níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1896, àwọn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 130,000. Ní 1904, wọn ò pé 1,500.

Bàbá Ṣadé: Bàbá bàbá kẹ̀?!

Àdìsá: Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé irú ẹ̀ ní 1915, nínú ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Oklahoma. Òfin náà ló tún un ṣe.

Ọmọ Olùkọ́: Ẹ parí ìtàn náà, ẹ̀gbọ́n. Ní 1916, Oklahoma ṣe òmíràn. Ẹni tó dìbò ní 1914, orúkọ ẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ẹni tí ò dìbò (ẹ kúkú mọ àwọn tí wọn ò jẹ́ kó dìbò) ní ọjọ́ 12 péré láti forúkọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di títí láé. 1939 ni ilé ẹjọ́ tó fagi lé ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹni ọdún 21 ti di ẹni ọdún 44 kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀.

Àdìsá: Kí la wá fẹ́ fi rọ́pò òfin? Kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú?

Àbẹ̀kẹ́: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ẹ má fi "kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun" tù wá nínú ni.

Bàbá Ṣadé: Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ bàbá bàbá yẹn o. Ẹni tó jókòó ro ìyẹn jáde, ṣé ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?