Ìdáríjì tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ: àríyànjiyàn lórí Jane Eyre

Ọ̀kàwé Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Jane Eyre tán lẹ́ẹ̀kejì ni, ìwé tí Charlotte Brontë tẹ̀ jáde ní ọdún 1847 lábẹ́ orúkọ àdàpè Currer Bell. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ ni mo ń sáré wá kiri. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ọdún 10 tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni kò jẹ́ kí n lọ síwájú.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: ọmọ òrukàn ni Jane. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Reed, ló gbà á sọ́dọ̀, nígbà tí ọkùnrin náà sì ń kú lọ, ó mú kí ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò tọ́ ọmọ náà bí ọmọ inú òun. Ìyáàfin Reed gba ọmọ náà sílé, ṣùgbọ́n kò gbà á sọ́kàn. Nígbà tí John, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, sọ ìwé lu Jane, tí Jane ṣubú lu ilẹ̀kùn tí orí rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀, tí òun náà wá kọjú ìjà sí i, Jane nìkan ni wọ́n wọ́ lọ sínú yàrá pupa tí Ọ̀gbẹ́ni Reed kú sí, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, ìyáàfin náà sọ fún aláṣẹ Lowood, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ rán Jane lọ, pé ẹlẹ́tàn ni ọmọ náà. Kí Jane tó kúrò nílé ọ̀hún, ó wo ojú obìnrin náà, ó ní òun kì í ṣe ẹlẹ́tàn, inú òun dùn pé wọn kò bá ara wọn tan, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá bi òun léèrè ni òun yóò sọ ìwà ìkà rẹ̀ fún.

Ọdún gorí ọdún, Ìyáàfin Reed ń kú lọ, ó ránṣẹ́ pe Jane. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, arákùnrin bàbá Jane tó wà ní Madeira kọ̀wé pé òun ń wá ọmọ náà láti fi ṣe ọmọ àti àrólé òun, òun sì fèsì pé àìsàn ibà ti pa á ní Lowood. Síbẹ̀, Jane ní òun dárí jì í pátápátá. Èrò tèmi ni pé ìdáríjì yìí níyì nítorí pé Jane ti kọ́kọ́ la ẹnu sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ì bá máa dárí rẹ̀ jì? Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Olùkọ́ Àgbà Ìṣánlú

Ọmọ mi, o káre, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Mo fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí ìwọ sì ń yìn yìí gan-an ni mo máa ń dá wọn dúró sí. Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí Jane lẹ́yìn tí ó bú ìyáàfin náà tán: ayọ̀ ìṣẹ́gun náà dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ọtí olóòórùn dídùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, adùn náà di ìpẹtà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n fún òun ní májèlé jẹ. Ọmọ tí ó bá ti tọ́ ẹ̀san wò ti mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ.

Ní Lowood, Helen Burns, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni olùkọ́ rẹ̀ tòótọ́. Olùkọ́ kan fi ìdì igi na Helen lọ́rùn nítorí pé èékánná rẹ̀ dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ omi tí ì bá fi fọ̀ ọ́ ti dì gbagidi láàárọ̀ ọjọ́ náà; kò ṣàlàyé, kò sunkún. Nígbà tí Jane ní bí ó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá já igi náà gbà kí òun ṣẹ́ ẹ mọ́ olùkọ́ náà lójú, Helen dá a lóhùn pé ayé kúrú ju kí a máa fi tọ́ ìkùnsínú dàgbà lọ. Ibẹ̀ ni Jane ti kọ́ ohun tó gbé dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ìyáàfin Reed. Ìdáríjì Helen kò nílò kí ó kọ́kọ́ pariwo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìyàrà

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Helen kú ní ọmọdé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, ibojì rẹ̀ sì wà láìní àmì fún ọdún 15. Ìwé tí ó bá ń fi ọmọbìnrin onísùúrù hàn wá gẹ́gẹ́ bí áńgẹ́lì, tí ó sì ń sin ín ní kùtùkùtù, ń kọ́ wa ní nǹkan kan nípa irú ọmọbìnrin tí àgbà fẹ́ràn.

Ohun tó ń dùn mí nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí ni pé ọrùn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń gbé ẹrù ìdáríjì kà. Nínú Little Women tó jáde ní 1868, Amy sun ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jo, ti fi ọdún púpọ̀ kọ. Jo ní òun kò ní dárí jì í, kò sì pẹ́ tí yìnyín fi já mọ́ Amy lẹ́sẹ̀ tó bọ́ sínú omi, tí ẹ̀rù ikú fi gba ìdáríjì náà lọ́wọ́ Jo tipátipá. Ta ló ronú mọ́ nípa ìwé tó jóná? Ẹ tún wo Tess tí Thomas Hardy kọ ní 1891. Ní alẹ́ ìgbéyàwó wọn, Angel jẹ́wọ́ pé òun ti bá obìnrin kan ṣe ìṣekúṣe rí, Tess sì dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Tess sọ ohun tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alec fi ojú òun rí nígbà tí òun kò tíì gbọ́n, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdáríjì tán ní obìnrin tí òun fẹ́ràn kọ́ ló wà níwájú òun mọ́. Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan, mi ò sì lè sùn. Nítorí náà, bí Jane bá bú àgbà kan ní ìgbà kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó bú u.

Aṣọ Ìpò

Ọmọ Búnú ni mí, ohun tí mo sì rí nínú ìwé náà lè ṣàjèjì sí yín díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ pupa ni aṣọ iyì òkú. Aṣọ ìpò ni a fi ń bu ọlá fún olóyè tó bá lọ. Ìdí nìyí tí yàrá pupa náà kò fi jọ ẹ̀wọ̀n nìkan lójú mi. Ilé òkú ni, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ọmọ náà nínú ilé ọ̀hún. Jane pàápàá ro ó bẹ́ẹ̀: ó rántí ìtàn àwọn òkú tí kì í sinmi bí a bá da ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn wọn, ó sì ń bẹ̀rù pé Ọ̀gbẹ́ni Reed lè dìde wá gbèjà òun.

Ṣé ẹ wá rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ Ìyáàfin Reed ju ẹyọ kan lọ? Òun fúnra rẹ̀ kà á lórí ibùsùn ikú: ìlérí tí ó bá ọkọ rẹ̀ ṣe tí ó dà ni àkọ́kọ́, lẹ́tà Madeira ni ìkejì. Ẹ̀tọ́ Jane ni láti dárí ji èyí tó kàn án. Èyí tó kan òkú, ta ni yóò bá òkú dárí jì í? Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí Jane kò fi dúró lórí "mo dárí jì ọ́", tí ó fi ní kí ìyáàfin náà lọ tọrọ ti Ọlọ́run. Ó mọ ibi tí ọwọ́ òun mọ.

Ìyá Ẹ̀gbẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí wọ́n fà mí lé ìbátan bàbá mi kan lọ́wọ́ ní ìlú ńlá, kí n lè máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Owó kan sọnù nínú ilé. Èmi ni wọ́n mú, èmi ni wọ́n nà, wọ́n sì sọ ọ́ lójú àwọn alájọgbé gbogbo pé olè ni mí. Lẹ́yìn bí oṣù kan, wọ́n tún ibùsùn ṣe, owó náà bọ́ sílẹ̀ láàárín tìmùtìmù àti ògiri. Mo wà níbẹ̀. Ìyá náà mú owó náà, ó kó o sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ní kí n lọ gbá ilẹ̀.

Ibi tí mo ti sunkún nínú ìwé yìí kì í ṣe ibi ìdáríjì rárá. Ọ̀gbẹ́ni Brocklehurst, aláṣẹ Lowood, gbé Jane gun àpótí níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó ní òpùrọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a sọ̀rọ̀. Miss Temple, olórí àwọn olùkọ́, kò sọ fún ọmọ náà pé kí ó fara dà á. Ó kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Lloyd, oníṣègùn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Reed, nígbà tí èsì sì dé, ó pe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jọ, ó kéde pé Jane kò jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan. Àwọn olùkọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, inú àwọn ọmọ yòókù sì dùn. Bàbá Olùkọ́, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ lójú àwọn tó rí ìtìjú rẹ̀ ni ọkàn ọmọ náà tó balẹ̀ tó fi lè jókòó kàwé. Ìwàásù Helen dára, ṣùgbọ́n ìwé Miss Temple ló tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi kò rí Miss Temple.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó kan ohun tí ẹ sọ. Lowood kì í ṣe àròsọ lásán. Wọ́n rán Charlotte àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Cowan Bridge, ibẹ̀ ni àìsàn ti mú Maria àti Elizabeth, àwọn méjèèjì sì kú ní ọdún 1825, ọ̀kan ní ọmọ ọdún 11, èkejì ní ọmọ ọdún 10. Maria ni Charlotte fi ya àwòrán Helen. Ọdún 22 lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà, àwọn ènìyàn sì mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bá wí. Ẹni tó fi ìdáríjì sí ẹnu Jane kò gbàgbé ohunkóhun ní tirẹ̀. Mi ò mọ bí Bàbá ṣe lè ka èyí kí wọ́n sì tún ní ìdákẹ́jẹ́ ni ìwé náà ń yìn.

Mo sì fẹ́ kí ẹnì kan rántí Bertha, ìyàwó Rochester (ọkùnrin tí Jane fẹ́ràn), tí wọ́n mú wá láti Jàmáíkà tí wọ́n tì mọ́lé lókè àjà. Àwọn òǹkàwé dúró títí di 1966 kí òǹkọ̀wé Jean Rhys tó fún un ní ìgbà ọmọdé àti ohùn nínú ìwé tirẹ̀. Ìwé náà gan-an kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó yẹ kí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà Ìṣánlú

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀gbẹ́ ti mú mi padà sídìí ìwé náà lálẹ́ àná. Mo gbà pé mo máa ń yára kọjá ibi ìwé Miss Temple yẹn nínú kíláàsì, kò sì yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ kan wà níwájú mi nígbà náà tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé lọ sílé.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì yẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹ wo Ìyáàfin Reed. Ó jẹ́wọ́ pé kò yé òun láé bí ọmọ náà ṣe fara da ohun gbogbo fún ọdún 9, tí ó sì bú gbàmù ní ìkẹwàá. Ó ní ẹ̀rù bà òun bí ẹni pé ẹranko tí òun lù gbójú sókè pẹ̀lú ojú ènìyàn tí ó sì gé òun ní èpè. Nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 10 yẹn ló ṣe kọ lẹ́tà irọ́ sí Madeira. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kò lè dárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀. Èyí ni mo fi ń bẹ̀rù ìbínú, ó lè gbé inú ènìyàn títí tí yóò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀kàwé Kàbà

Bàbá, ẹ̀rù tí ẹ sọ yẹn, ẹ̀rù ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn ni ọmọ tí òun ń lù ni. Bí Jane kò bá sọ̀rọ̀, obìnrin náà ì bá kú láìmọ̀. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀nà kan fún yín: mo sọ níṣàájú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan tó. Ìyá Ẹ̀gbẹ́ ti fi hàn mí pé ọmọ lè sọ, kí ó sì tún nílò ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ni yín lára, ṣé ẹ padà rí ìyá náà?

Ìyá Ẹ̀gbẹ́

Mo ń rí i. Ó ti darúgbó, ara rẹ̀ kò yá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Nínú ìwé náà, Jane fi apá gbé Ìyáàfin Reed ró kí ó lè mu omi, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, obìnrin náà sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì fẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Mo mọ ìfàsẹ́yìn yẹn. Lóṣù tó kọjá, mo fún un lómi mu, mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rántí owó tó bọ́ sẹ́yìn tìmùtìmù. Ó kọjú sí ògiri. Mo dúró tì í títí tó fi sùn, mo gbá ilẹ̀ yàrá náà, mo sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Mi ò tíì sọ fún un pé mo dárí jì í, nítorí n kò fẹ́ sọ ọ́ kí ó má jẹ́ òtítọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ.